Àgbá Ìyanran Kan fún Oníjà Mẹ́rin

Ohun tí mo fẹ́ kọ́

Àgbá ìyanran kan ni mo fẹ́ kọ́, èyí tí yóò lè yan igẹ̀ màlúù lọ́nà Texas, tí yóò sì tún lè yan èjìká ẹlẹ́dẹ̀ lọ́nà North Carolina, láìjẹ́ pé mo ra ẹ̀rọ méjì. Houston là ń gbé. Ẹni tó bá ní ẹ̀yìnkùlé níbí tí kò sí ohun ìyanran níbẹ̀, wọ́n á bi í léèrè ohun tó ń fi ẹ̀yìnkùlé ọ̀hún ṣe. Mo ní gírílì oní-gáàsì kan tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n oní-gáàsì kì í lẹ́nu ọ̀rọ̀ láàárín àwọn tí à ń bá jẹun.

Àwọn tí à ń bá jẹun yìí gan-an ló sọ iṣẹ́ náà di ńlá. Ẹ̀gbọ́n wa kan wà tó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Kansas City kó tó kó wá sọ́dọ̀ wa. Ẹran tí kò bá ní sọ́ọ̀sì pupa tó dùn lára, ó ní aláìsàn ni wọ́n sè é fún. Àbúrò ìyàwó mi kàwé ní Memphis. Egungun ìhà ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi èlò gbígbẹ pa lára ni tirẹ̀, kò sì gba ohun mìíràn gbọ́. Bàbá tó ń gbé ilé kejì sí wa, ọmọ ìlà-oòrùn North Carolina ni, àgbàlagbà, aláwọ̀ dúdú, tó ti ń fi ṣọ́bìrì kó ẹyín iná sábẹ́ odindi ẹlẹ́dẹ̀ láti kékeré. Ẹnì kẹrin ni ọ̀rẹ́ mi tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n Houston níbí ni wọ́n bí i sí. Ọmọ Texas la máa ń pè é, ó sì ń gbèjà Texas ju gómìnà lọ.

Gbogbo wọn ló fẹ́ dá sí i. Mo gbà fún wọn, nítorí ẹni tó bá bá wa kọ́ ọ kò ní lè sọ lẹ́yìn náà pé àgbá ló ba ẹran jẹ́.

Ìjà kí irin tó dé

Mo ya àwòrán sẹ́yìn páálí, mo gbé e síwájú wọn. Sọ́ọ̀sì ni mo rò pé a máa jà lé lórí. Ti Kansas City ki, ó sì dùn. Ti ìlà-oòrùn North Carolina, fínígà àti ata ni, tòmátì kò dé ibẹ̀. Músítáàdì ni wọ́n ń lò káàkiri apá kan South Carolina. Àwọn ará àríwá Alabama tilẹ̀ ń fi máyónéèsì àti fínígà ṣe tiwọn, funfun báláú, láti ayé Big Bob Gibson tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹran ní Decatur ní 1925. Kò sẹ́ni tó dárúkọ sọ́ọ̀sì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló gba gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà: níbo ni iná máa wà?

Ní àárín gbùngbùn Texas, ní Lockhart, ní Taylor, ní Austin, iná kì í sí lábẹ́ ẹran. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ń dá a sí, ooru àti èéfín á gba orí ẹran kọjá, wọ́n á sì bá ṣímínì jáde ní òdìkejì. Igi gidi ni wọ́n ń dá, post oak, irú igi óòkù kan, ló pọ̀ jù. Àwọn alápatà ará Jámánì àti Czech tó tẹ̀dó sí agbègbè yẹn ní ọ̀rúndún 19 ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀: ẹran tí kò bá tà tán, wọ́n á fi èéfín sí i kó má bàa bàjẹ́, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oko òwú á rà á, wọ́n á jẹ ẹ́ lórí bébà tí wọ́n fi wé e. Ilé ẹran Kreuz Market ní Lockhart ti wà láti 1900, fún ọ̀pọ̀ ọdún kò sì fún ẹnikẹ́ni ní sọ́ọ̀sì tàbí fọ́ọ̀kì. Nígbà tí ìdílé tó ni ín pín sí méjì ní 1999, tí Kreuz kó lọ sí ilé tuntun, ẹyín iná láti ààrò àtijọ́ ni wọ́n wọ́ gba ojú títì lọ dá iná ti tuntun. Ọmọ Texas sọ ìtàn yìí fún wa lójú ara rẹ̀ bí ẹni pé òun ló wọ́ ọ.

Ní ti Carolina, orí odindi ẹlẹ́dẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Igi óòkù tàbí hickory ni wọ́n á kọ́kọ́ sun lọ́tọ̀ títí yóò fi di ẹyín, wọ́n á wá fi ṣọ́bìrì tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹran, díẹ̀díẹ̀, láti alẹ́ mọ́jú. Ọ̀rá á máa kán sórí ẹyín iná, èéfín ọ̀rá yẹn á sì padà sára ẹran. Bàbá kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́: ní ayé ẹrú, àwọn baba ńlá òun ló ń gbẹ́ kòtò yẹn, àwọn ló ń jókòó tì í lóru, àwọn mìíràn ló ń gba ìyìn lọ́sàn-án. Ó ní ẹran tí ọ̀rá rẹ̀ kò bá kán sínú iná, inú ààrò búrẹ́dì ló ti jáde, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní barbecue níwájú òun.

Ọmọ Texas ní ọ̀rá tó bá kán sínú iná, èéfín kíkorò ló ń dà. Mo bi í pé Llano ńkọ́? Nítorí ní Llano, tó wà ní Texas yìí kan náà, ní ilé ẹran Cooper's, igi mesquite ni wọ́n ń sun di ẹyín, wọ́n ń fi ṣọ́bìrì kó o sábẹ́ ẹran gẹ́lẹ́ bíi ti Bàbá. Ọ̀nà àwọn darandaran ni wọ́n ń pè é. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní Llano jìnnà.

Ibẹ̀ ni ohun tí mo máa kọ́ ti yé mi. Lójú tèmi, sọ́ọ̀sì ni wọ́n ń fi ariwo sí, ṣùgbọ́n ohun tó wà láàárín iná àti ẹran ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Sọ́ọ̀sì, ẹnikẹ́ni lè rà á nínú ìgò. Bí ọ̀rá bá ń kán sórí ẹyín iná, adùn kan wà níbẹ̀ tí kò sí nínú ìgò kankan. Bí kò bá sì kán, ẹran á mọ́ lẹ́nu, èéfín igi nìkan lèèyàn á máa gbádùn. Nítorí náà: iná nísàlẹ̀, ẹran lókè, àwo irin pẹrẹsẹ láàárín, àwo tó ṣeé yọ. Bàbá ní bí mo bá yọ ọ́, òun á wá jẹun. Ọmọ Texas ní bí mo bá fi í síbẹ̀, òun á gbójú fo pé èédú ni mò ń lò.

Àgbá

Àgbá irin gálọ́ọ̀nù 55 ni, ìyẹn nǹkan bí lítà 208. Mú èyí tí ọmọrí rẹ̀ ṣí pátápátá, tó ní òrùka tí wọ́n fi ń dè é. Gíga tèmi tó íǹṣì 34, ìbú inú rẹ̀ íǹṣì 22 àti ààbọ̀. Ìbú yẹn ló jẹ́ kí gbogbo ayé máa fi àgbá yìí ṣe é: àwọ̀n irin tí wọ́n ń tà fún gírílì Weber róbótó ti íǹṣì 22 wọ inú rẹ̀ láìfi ààyè púpọ̀ sílẹ̀, kò sí pé à ń lọ bẹ wẹ́dà fún àwọ̀n.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kéèyàn kọ́kọ́ béèrè. Èyí tó bá ti gbé epo ẹ̀rọ, kẹ́míkà tàbí oògùn oko, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó, kí ó dúró síbẹ̀. Tòmátì lílọ̀ ni wọ́n fi tèmi kó. Síbẹ̀, inú rẹ̀ ní ohun kan tí wọ́n kùn sí i, àwọ̀ amọ̀, kí irin má bàa dógùn-ún. Ohun yẹn kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù sínú àgbá tí a ó fi yan ẹran, iná nìkan ló sì ń mú un kúrò dáadáa.

Mo lu ihò ìsàlẹ̀ ṣáájú kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé, mo wá kó igi óòkù gbígbẹ kún un, mo dáná sí i. Kò pẹ́ tí ọ̀dà ara rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń bó ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Ti inú kọ́kọ́ dúdú, ó wá sán, ó sì di lẹ́búlẹ́bú tí atẹ́gùn ń gbé jáde. Èéfín rẹ̀ kò ṣeé fà símú. Ibi gbalasa ni kéèyàn ti ṣe é, kó sì ti sọ fún àwọn ará ilé kejì kí wọ́n tó pe panápaná. Nígbà tó tutù, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha inú rẹ̀ títí irin fi hàn ní àwọ̀ eérú. Ìta gba ọ̀dà dúdú tó lè fara da ooru. Inú kò gba ọ̀dà kankan, òróró nìkan. Wọ́n jà lórí àwọ̀ ìta pẹ̀lú, ṣùgbọ́n mi ò ní kọ ìyẹn síbí.

Ihò àti páìpù

Ihò mẹ́rin yí ìdí àgbá ká, íǹṣì 2 sókè láti ìsàlẹ̀. Nítorí pé ara àgbá tẹ̀ kọdọrọ, ẹnu dírílì máa ń yọ̀ kúrò níbi tí a fẹ́. Ìṣó líle àti òòlù ni mo fi ta àmì sí ojú ibẹ̀, kí ẹnu dírílì rí ibi jókòó sí. Ẹnu kékeré ló ṣíwájú, lẹ́yìn náà èyí tí ń fẹ̀ sí i ní ìpele ìpele, títí ihò fi gba páìpù ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì. Fi òróró díẹ̀ síbẹ̀, má sì jẹ́ kó sáré. Bí ó bá ń han fíín-fíín, ó ń yára jù, kò ní pẹ́ kú. Bí irin bá ń jáde ní wíwé-wíwé gígùn, ó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ló bá mi di àgbá mú, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n máa gbọ́ ìtàn àwọn ọ̀gá bí mo ṣe ń lu ihò. Henry Perry ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹran yíyan ní Kansas City ní nǹkan bí 1908, tó ń fi bébà ìròyìn wé e fún àwọn oníbàárà. Charlie Bryant kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó gba ilé ìtajà náà nígbà tí Perry kú ní 1940. Arthur, àbúrò Charlie, wá gbà á ní 1946. Sọ́ọ̀sì Perry alára kò dùn, ata ló gbòde nínú rẹ̀; àwọn tó jogún rẹ̀ ló dín oró rẹ̀ kù.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, níbo ni Perry ti wá?"

Ó ní agbègbè Memphis ni wọ́n bí i sí.

Àbúrò ìyàwó mi pàtẹ́wọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n jọ̀wọ́ àgbá sílẹ̀, ó ní kí ẹni tó kàwé ní Memphis wá dì í mú.

Páìpù dúdú ni kéèyàn rà, kì í ṣe èyí tó ń dán. Síńkì ni wọ́n fi bo èyí tó ń dán. Bí ooru bá pọ̀ lára rẹ̀, èéfín síńkì á jáde, ibà tó sì ń fà, ẹ bi wẹ́dà tó ti ṣe é rí. Mẹ́ta nínú páìpù mẹ́rin náà ní ìdérí tí à ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ̀kẹrin ní fáàfù, mo sì fi páìpù gígùn gbé fáàfù yẹn sókè títí ó fi dé àyà mi, nítorí kò sídìí tí mo fi máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lóru nítorí ìwọ̀n ooru. Ọmọrí gba ihò mẹ́jọ, ìdajì íǹṣì ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ihò òkè kì í tì. Bí iná bá pọ̀ jù, ìsàlẹ̀ là ń pa. Bí èèyàn bá ti òkè, èéfín á há sínú àgbá, á lẹ̀ mọ́ ẹran ní dúdú, ẹran á sì korò débi tí ahọ́n yóò fi kú.

Apẹ̀rẹ̀ èédú àti àwo tí wọ́n gé sí méjì

Apẹ̀rẹ̀ èédú jẹ́ àwọ̀n irin nípọn tí a ká róbótó, ìbú íǹṣì 15, gíga íǹṣì 10, ẹsẹ̀ íǹṣì 3 kí eérú lè rí ibi já sí. Wẹ́dà kan nítòsí ló jó o pọ̀ fún mi. Bọ́ọ̀tì mẹ́rin tí mo dì mọ́ ara àgbá ló gbé àwọ̀n ẹran, íǹṣì 7 sísàlẹ̀ ẹnu àgbá, tó fi jẹ́ pé láti ìdí apẹ̀rẹ̀ dé abẹ́ ẹran jẹ́ íǹṣì 24. Bí ó bá sún mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, sùúyà la fẹ́ ṣe, ìyẹn sì jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀ tí kò nílò ọmọrí.

Àwo ni mo fẹ́ gé ní odidi, ìbú íǹṣì 18, kí ooru lè gba etí rẹ̀ kọjá yí ká. Àbúrò ìyàwó mi wò ó títí, ó ní:

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ gé e sí méjì."

"Nítorí kí ni?"

"Bí ẹ bá fi ìdajì síbẹ̀, tí ẹ yọ ìdajì, a lè yan ẹran kan náà lórí iná kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀rá á kán, ẹ̀gbẹ́ kejì kò ní kán. Ká wá rí ẹni tó máa jà."

Kò sí àbá tó dára tó èyí nínú gbogbo iṣẹ́ náà. A gé e sí àbọ̀ méjì, a fi ọ̀pá irin méjì dábùú àgbá, íǹṣì 4 sókè apẹ̀rẹ̀, kí àwọn àbọ̀ náà lè jókòó lé e.

Iná àkọ́kọ́

Kò sí ẹran nínú iná yìí. Mo fi òróró pa gbogbo inú rẹ̀, mo kó èédú tútù kún apẹ̀rẹ̀, mo wá da ẹyín iná díẹ̀ sórí rẹ̀ láàárín. Ọ̀nà tí wọ́n ń fi orúkọ Jim Minion pè nìyí: iná á máa jẹ èédú lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wákàtí lórí wákàtí, láìjẹ́ pé à ń ṣí ọmọrí fi kún un.

Ìṣòro méjì ló yọjú. Ọmọrí kò bá ẹnu àgbá mu dáadáa, èéfín ń gba etí rẹ̀ jáde, atẹ́gùn tó sì ń wọlé níbẹ̀ kò jẹ́ kí fáàfù ní àṣẹ lórí iná. Okùn tí wọ́n ń fi dí ẹnu ilẹ̀kùn sítóòfù onígi ni mo lẹ̀ yí i ká, ó sì gbọ́ràn. Èkejì ni aago ooru tí mo dì mọ́ ara àgbá. Mo ti kọ́kọ́ ki ọ̀pá rẹ̀ bọ omi híhó, ó sì sọ 212 Fahrenheit bó ṣe yẹ, nítorí ilẹ̀ Houston kò ga sí òkun. Ṣùgbọ́n ẹ̀bá ògiri àgbá máa ń tutù ju àárín lọ, àárín sì ni ẹran ń wà. Mo fi ọ̀pá kejì sí àwọ̀n, ẹ̀gbẹ́ ẹran gan-an. Èyí ni mo ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ti ara àgbá wà fún àwọn àlejò.

Nígbà tí èéfín funfun kíki kọjá lọ, tó ku èyí tó tín-ín-rín tí èèyàn ń fẹjú kó tó rí i, mo mọ̀ pé iná ti dára. Kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹran síbẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn.

Igẹ̀ màlúù, odidi àwo

Texas ló kọ́kọ́ gbà á, nítorí ilẹ̀ wọn la wà. Igẹ̀ odidi, nǹkan bí kílò 6, mo gé ọ̀rá rẹ̀ kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì. Iyọ̀ àti ata dúdú tí wọ́n gún hàràhàrà, ó tán. Ìyàwó mi dúró tì mí. "Ṣé ẹ ò ní fi alùbọ́sà sí i ni? Magí ńkọ́?" Mo ní òfin Lockhart kò gbà á. Ó ní Lockhart kọ́ ló máa jẹ ẹ́.

Post oak wẹ́wẹ́ láàárín èédú, ìwọ̀n ooru 250 Fahrenheit. Alẹ́ ni mo gbé e sórí iná. Láàárọ̀, inú ẹran dé 160, ó sì dúró. Ó dúró síbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, Ọmọ Texas sì ti kìlọ̀ pé kí n má fọwọ́ kan fáàfù. Kì í ṣe pé iná ti kú: omi inú ẹran ló ń yọ sójú rẹ̀ tó ń gbẹ, gbígbẹ yẹn sì ń tù ú bí òógùn ṣe ń tu ara wa, tó fi jẹ́ pé ooru tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde ń pa ara wọn. Àwọn kan máa ń dúró dè é. Àwọn kan máa ń fi bébà alápatà wé e, èyí tí Aaron Franklin sọ di àṣà láti ìgbà tó ṣí ilé ìtajà rẹ̀ ní Austin ní 2009. Mo wé e. Bébà ń jẹ́ kí ẹran mí díẹ̀, fọ́ìlì kì í jẹ́ kó mí, ara ẹran tó ti dúdú tó sì le á wá rọ̀ bí ẹni pé wọ́n bọ̀ ọ́.

Iṣan tó so igẹ̀ màlúù pọ̀ le, nítorí àyà ni màlúù ń fi gbé púpọ̀ nínú ìwúwo ara rẹ̀. Ooru jẹ́jẹ́ fún ìgbà pípẹ́ ló ń yọ́ iṣan yẹn di ohun tó ń rọ̀ tó sì ń yọ̀ lẹ́nu, ní àyíká 200 sí 205. Ṣùgbọ́n ọ̀pá la fi ń mọ̀ ọ́n ju nọ́ńbà lọ: nígbà tó bá wọlé láìsí agídí níbi gbogbo, ó tó. Mo jẹ́ kó sinmi pẹ́, mo wá gé e ní ìdábùú iṣan. Ẹran méjì ló wà lórí ara wọn nínú igẹ̀, iṣan wọn kò sì dojú kọ ibì kan náà, nítorí náà, bí ọ̀bẹ bá dé àárín, à ń yí ẹran padà ni.

Ọmọ Texas gbé ègé kan sókè, ó jẹ́ kó rọ̀ láti orí ìka kan, ó wo àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tó wà lábẹ́ ara dúdú. Ó ní ó dára fún ti èédú. A mọ̀ pé ìyìn ńlá nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ti gba ìkángun tó nípọn tó sì lọ́ràá lọ ní tirẹ̀, ó gé e sí onígun mẹ́rin kéékèèké, ó da sọ́ọ̀sì bò ó, ó sì dá a padà sórí iná. Burnt ends nìyẹn, ìgbéraga Kansas City. Ẹ̀bá ẹran tó jó gbẹ ni nígbà kan rí, tí wọ́n ń fún àwọn tó tò sórí ìlà ní ilé ìtajà Arthur Bryant lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lọ wo iye tí wọ́n ń tà á báyìí.

Àbọ̀ àwo: ìdánwò tó dá ìjà tuntun sílẹ̀

Èjìká ẹlẹ́dẹ̀ kan, nǹkan bí kílò 4, tí mo là sí méjì, iyọ̀ nìkan lára méjèèjì. Àbọ̀ àwo wà lábẹ́ ọ̀kan, èkejì dojú kọ ẹyín iná. Iná kan, ọmọrí kan.

Ìyàtọ̀ kọ́kọ́ hàn sí etí. Ní ẹ̀gbẹ́ tí kò ní àwo, bí ọ̀rá bá ti kán, à ń gbọ́ "ṣíì", èéfín díẹ̀ á rú, òórùn rẹ̀ á sì yàtọ̀ pátápátá sí ti igi. Mo tún rí i pé ooru ẹ̀gbẹ́ yẹn pọ̀ jù, ó kọ́kọ́ jinná. Ọmọrí kò sì gbọdọ̀ ṣí pẹ́: atẹ́gùn tó bá wọlé lójijì á sọ ọ̀rá yẹn di ọwọ́ iná.

Bàbá gbé ọ̀bẹ alápatà méjì wá láti ilé rẹ̀. Ó ní ní ilé oúnjẹ Skylight Inn, ní Ayden, ní North Carolina, tó ti wà láti 1947, tí òrùlé rẹ̀ ní kọ́bà bíi ti ilé aṣòfin Washington, gígé ni wọ́n ń gé ẹlẹ́dẹ̀, awọ tó ti gan pọ̀ mọ́ ẹran, wọn kì í fà á ya. Ó gé ti àkọ́kọ́, ó gé ti èkejì, ó wọ́n fínígà àti ata sí méjèèjì ní dọ́gba. Mo bi í pé àwọn ará Lexington ńkọ́, àwọn náà ọmọ North Carolina ni, èjìká nìkan ni wọ́n ń yan, tòmátì díẹ̀ sì ń wọ fínígà wọn. Ó ní òun kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ àjọ̀dún Lexington di ti gbogbo ìpínlẹ̀, ariwo tó sọ kò kéré, àwọn aṣòfin fi í ṣe ti agbègbè wọn nìkan ní 2007. Ó sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín bí ẹni tó wà nílé ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìyàwó mi nìkan ló mọ ẹran tó wá láti ẹ̀gbẹ́ wo. Bàbá tọ́ méjèèjì wò, ó nawọ́ sí èyí tí ọ̀rá rẹ̀ kán, kò tiẹ̀ ronú. Àbúrò ìyàwó mi yan èyí tí àwo bò, ó ní èkejì kò jẹ́ kí òun gbọ́ adùn ẹran fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní méjèèjì ń ké pe sọ́ọ̀sì. Ọmọ Texas pẹ́ jù wọ́n lọ. Ó tọ́ ọ wò, ó padà, ó mu omi, ó wá yan èyí tí ọ̀rá rẹ̀ kán, ó ní èéfín rẹ̀ mọ́, ó dájú pé òun ni àwo wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó mi sọ òdodo ọ̀rọ̀, Bàbá dìde, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó kí i káàbọ̀ sí Carolina.

Ìyàwó mi wá gbé yájì jáde, ó wọ́n ọn sórí èyí tó kù. Ìgbà yẹn nìkan ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹnu kò.

Ohun tó kù

Egungun ìhà Memphis ṣì wà nílẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi ń fẹ́ kí á yan án láìsí àwo, nítorí pé ní Rendezvous, ilé oúnjẹ kan ní Memphis tó ti wà láti 1948, orí èédú gbígbóná ni wọ́n ń yan án sí, èlò gbígbẹ á sì tẹ̀ lé e. Ìyẹn tún jẹ́ ọ̀nà iná kẹta, ó yá ju ti Bàbá lọ, mo sì ní láti gbé àwọ̀n sún mọ́ iná. Mo máa lu ihò bọ́ọ̀tì mẹ́rin mìíràn, íǹṣì 8 sísàlẹ̀ ti àkọ́kọ́.

Ẹsẹ̀ oníkẹ̀kẹ́ ti dé, mi ò tíì dì í mọ́ ọn. Ọmọrí nílò ìdìmú onígi. Ti irin tó wà níbẹ̀ ń jó ọwọ́.

Ẹran àgùntàn ni mo wá fẹ́ yan lẹ́yìn ìyẹn, nítorí ó yà mí lẹ́nu pé nínú gbogbo ìjà yìí, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Ní Owensboro, ní Kentucky, àgùntàn tó ti dàgbà ni wọ́n ń yan lórí igi hickory, nítorí àgùntàn pọ̀ lágbègbè náà ní ọ̀rúndún 19 nígbà tí òwò irun rẹ̀ ń ta. Ooru jẹ́jẹ́ ni, láìsí àwo, sọ́ọ̀sì wọn sì wà fún un lọ́tọ̀. Mo ti sọ fún Ẹ̀gbọ́n. Ó ní òun á wá, ó kàn béèrè bóyá sọ́ọ̀sì ọ̀hún pupa. Mo ní dúdú ni, fínígà àti Worcestershire. Ó ní òun á gbé tòun dání.